Ẹ fẹ́ fi máìlì mẹ́ta kún ọ̀nà ẹsẹ̀ (trail) yín nínú igbó ìjọba? Ẹ má tíì mú àdá o

Arábìnrin kan ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Texas, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Àwọn ìdílé Nàìjíríà kan kó ara wọn jọ, wọ́n ń lọ rìn nínú Sam Houston National Forest ní Sátidé, nígbà tó yá wọ́n gba apá kan lára ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ pé àwọn á máa tọ́jú ẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ń gé ẹ̀ka, wọ́n ń gbé igi tó wó kúrò lójú ọ̀nà. Ní báyìí wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà tuntun kún un, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, tó máa yí po padà síbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, kí àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá àgbà tó bá wá kí wọn láti ilé lè rí ibi rìn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ ta la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí la máa kọ, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ẹnì kan láàárín wa ní ká kàn gé e, pé ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá inú igbó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní kẹ́ ẹ kàn gé e yẹn lóhùn, torí òun ló lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wọ́n máa mọ̀. Àwọn ọdẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó ń ka ẹyẹ ń gba ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáná sun abẹ́ igbó ń gba ibẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ń fi app orí fóònù rìn báyìí, ẹni mélòó kan bá ti tọ ọ̀nà kan, ó ti jáde lórí máàpù nìyẹn. Òfin Forest Service, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó igbó wọ̀nyí, 36 CFR 261.10, sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tàbí tún ọ̀nà ṣe lórí ilẹ̀ àwọn láìgba àṣẹ, owó ìtanràn wà ńdìí ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà náà sì wà ńbẹ̀. Àwa tá a dàgbà sílé, tá a rí bí wọ́n ṣe ń wọnú fọ́rẹ́sítì ìjọba lọ dá oko kòkó, ó lè máa ṣe wá bíi pé ilẹ̀ ìjọba ò lẹ́ni tó ni ín. Ti ibí yìí lẹ́ni tó ni ín gan-an.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ti ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Òfin kan wà láti 1972, Volunteers in the National Forests Act ni wọ́n ń pè é, òun ló jẹ́ kó jẹ́ pé tí ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó bá sì ṣèèṣì ba nǹkan oníǹkan jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ìjọba ló máa dúró fún un. Iṣẹ́ tó wà nínú àgíríméǹtì yín nìkan ni ààbò yẹn bò o. Ẹ lọ mú fọ́ọ̀mù OF-301a tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn jáde kẹ́ ẹ tún un kà, ẹ máa rí i pé títọ́jú ọ̀nà tó wà ńlẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá wá fi àdá ṣá ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò fàṣẹ sí, ìnṣọ́ránsì ara ẹ̀ ló máa gbé e délé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gba apá ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ padà. Torí náà ẹ bá mi sọ fún un kó fi àdá sílẹ̀ jàre.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń lọ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ ọ̀nà, wọ́n á ya máàpù tó rẹwà, wọ́n á kọ ọ́ pé rírìn nínú igbó dáa fún ara, pé àwọn ọmọ òde òní ò kúrò nídìí fóònù mọ́. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti mọ gbogbo ìyẹn tipẹ́, òun náà fẹ́ràn igbó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé ta ló máa máa tọ́jú ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti lọ yunifásítì, tí àwọn òbí wọn ò sì wá sígbó mọ́. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹ̀ báà kọ ojú ewé kan tàbí ogún.

Ẹ̀rù yẹn nídìí. Ní 2013, GAO, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé àbọ̀ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó ìjọba: ó tó nǹkan bíi 158,000 máìlì tó wà lọ́wọ́ Forest Service, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló dé ìwọ̀n tí àwọn fúnra wọn là kalẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe tó ti wọ́jọ dè wọ́n sì jẹ́ 314 mílíọ̀nù dọ́là. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin ní 2016 pé kí wọ́n túbọ̀ máa lo àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn, ìyẹn dáa fún yín, ṣùgbọ́n ní 2025 òṣìṣẹ́ púpọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Forest Service káàkiri Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ẹni méjì ti di ti ẹnì kan níbòmíì. Òrùlé wọn ń jò, ẹ wá ní ẹ fẹ́ bá wọn kọ́ yàrá kún ilé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn dí òrùlé.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe ló máa sọ̀rọ̀ fún yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, iye èèyàn, iye wákàtí, igi mélòó lẹ gbé kúrò, fọ́tò ibì kan náà kẹ́ ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣe é tán. Lẹ́yìn ìjì Beryl ní July 2024, tí igi wó káàkiri agbègbè Houston, ẹgbẹ́ tó bá lè fi fọ́tò àti wákàtí hàn pé òun wà níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń kọ wákàtí yín fún ọ́fíìsì ní gbogbo ìparí ọdún, ó dáa, wọ́n nílò ẹ̀ fún ìròyìn tí àwọn náà ń kọ sókè. Tẹ́ ò bá tíì máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ lo ọdún kan lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ máìlì mẹ́ta rárá. Mo mọ̀ pé kò dùn létí. Ẹ tiẹ̀ lè fi kún un pé tí wọ́n bá gba máìlì mẹ́ta tuntun yìí, ẹ ó gba máìlì méjì tàbí mẹ́ta mìíràn sí i tọ́jú lára èyí tó ti wà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Irú àbá bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbàgbé ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo ilẹ̀ náà lórí máàpù dáadáa. Igbó yẹn tó nǹkan bíi 163,000 éékà, ó wà láàárín káúńtì Montgomery, Walker àti San Jacinto, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ò so pọ̀ lójú kan. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni ìjọba rà á, ilẹ̀ tí àwọn onígẹdú ti gé igi orí ẹ̀ tán, ibi tí wọ́n rí rà ni wọ́n rà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ aládàáni fi há sáàárín ẹ̀ káàkiri. Tí ọ̀nà yín bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré wọ ilẹ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti di ti lọ́yà. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Little Lake Creek Wilderness, láti 1984 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, òfin Wilderness ti 1964 ló ń darí ibẹ̀, wọn kì í gbé ẹ̀rọ ayùn wọ̀ ọ́, wọn kì í gun báìkì níbẹ̀, ẹ má tiẹ̀ darí ọ̀nà tuntun síbẹ̀ rárá. Ẹ sì rántí pé igbó kan náà yìí ni àwọn Texas Parks and Wildlife, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ àti ẹran ìgbẹ́, ń lò fún ọdẹ, àwọn ọlọ́dẹ ò ní dunnú tí ọ̀nà àwọn ọmọdé bá ṣàdédé gba abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dènà àgbọ̀nrín láti November lọ. Ní Texas, ilẹ̀ tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ló jẹ́ ti aládàáni, ìwọ̀nba tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn ni gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ bá, oníkálukú ló sì rò pé òun lòun kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó náà wà ní New Waverly. Ọ̀gá ibẹ̀ ni District Ranger, òun ló máa fọwọ́ sí i, ọ́fíìsì tó wà lókè wọn wà ní Lufkin, àwọn yẹn ló ń darí igbó ìjọba àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Texas. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá o. Ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ àti trail lábẹ́ ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ti ń fi wákàtí iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí, torí tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ọ̀gá, òun náà ni wọ́n máa bi pé kí ló rò, kò sì dáa kó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí èèyàn márùn-ún ń kọ ìméèlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ohun tí ẹnì kìíní sọ ò bá ti ẹnì kejì mu, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa dá lóhùn mọ́.

Ẹ tún lọ kí àwọn tó ti wà ńlẹ̀. Lone Star Hiking Trail ló gba inú igbó yẹn, òun làwọn èèyàn mọ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn jù láìjá ní Texas, ó lé ní 100 máìlì tẹ́ ẹ bá ka àwọn tó yí po mọ́ ọn, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀ sì ti pẹ́ níbẹ̀. Tí ọ̀nà yín bá máa ya kúrò lára tiwọn, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu rénjà ni wọ́n ti máa gbọ́. Ní ilé, ẹ ò ní dé abúlé kẹ́ ẹ máa kọ́lé láìkí baálẹ̀. Lẹ́tà kan látọ̀dọ̀ wọn pé àwọn fara mọ́ ọn máa ṣe iṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Nísinsìnyí, ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ àkókó kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní red-cockaded woodpecker, dúdú òun funfun ni, ẹ lè rìn níbẹ̀ títí kẹ́ ẹ má rí i, àmọ́ òun ló ń pín ilẹ̀ nínú igbó yẹn. Láti 1970 ni ìjọba ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ parẹ́, òpin 2024 ni wọ́n tó sọ pé ara ẹ̀ ti ń yá díẹ̀, tí wọ́n gbé e kúrò ní ìpele yẹn lọ sí ìpele tó rọ̀ díẹ̀ sí i, òfin ṣì ń dáàbò bò ó. Igi páìnì tó dàgbà tó sì ṣì wà láàyè ló máa ń gbẹ́ ihò sí, kì í ṣe igi tó ti kú bíi ti àkókó yòókù, ihò kan ṣoṣo lè gbà á ní ọdún púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí igi kan fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà sàmì sára àwọn igi náà, tẹ́ ẹ bá ti rí igi tí wọ́n fi ọ̀dà yí po, ẹ jìnnà síbẹ̀. Láti nǹkan bí April sí July tó máa ń yé ẹyin tó sì ń tọ́mọ, wọn ò ní gbà kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ ayùn pariwo nítòsí ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tún máa ń dáná sun abẹ́ igbó lóòrèkóòrè kí igi kéékèèké má baà fún ibẹ̀ pa, torí ẹyẹ yẹn fẹ́ kí abẹ́ páìnì mọ́. Ọ̀nà yín lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ọ̀nà tó mọ́ lè dá iná dúró tàbí kó jẹ́ ibi tí wọ́n á gbà wọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Tó bá sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń sun lẹ fẹ́ kọ́ afárá pákó sí, ẹ ti rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí pákó yín. Báyọ́lọ́jíìsì wọn ló mọ ibi tí àwọn ìtẹ́ wà. Ó lè má fún yín ní máàpù ẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fi ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ hàn án, kó sọ ibi tó yẹ kó yẹ̀ sí. Òfin Endangered Species ti 1973 sọ ọ́ di dandan kí wọ́n bá Fish and Wildlife Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹranko àti ẹyẹ, sọ̀rọ̀ tó bá kan ẹyẹ náà, ọ̀nà tó bá ti yẹ̀ fún ìtẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́ parí.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa kà nípa bí wọ́n ṣe ń la trail, ilẹ̀ olókè ni wọ́n kọ ọ́ fún, níbi tí ìṣòro ti jẹ́ pé omi ń sáré gba ojú ọ̀nà tó sì ń gbẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà má ju ìdajì ti ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ti yín tẹ́jú, amọ̀ pọ̀ níbẹ̀, omi kì í lọ bọ̀rọ̀. Tí omi bá dúró lójú ọ̀nà, èèyàn á yà á, ẹni tó tẹ̀ lé e á tún ya ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti tẹ̀ di ẹrẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́ ínǹṣì 18 sí 36 ti fẹ̀ tó ti mọ́tò. Lẹ́yìn òjò ńlá, kó jẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ lọ rìn ín, ẹ wo ibi tí omi ò dúró sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ darí ọ̀nà gbà, kódà tó bá máa jẹ́ kó wọ́ díẹ̀. Ẹ yẹra fún etí odò tí igi eléwé gbòòrò ti pọ̀ yẹn, ibẹ̀ tutù lóòótọ́, ó sì rẹwà jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lomi ń wá. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ máa tẹ́ pákó, ẹ́ńjíníà á fẹ́ wò ó, owó á wọ̀ ọ́, pákó á jẹrà, ìbéèrè ọdún mẹ́wàá yẹn á tún padà wá. Tó bá sì jẹ́ odò lẹ fẹ́ da ilẹ̀ tàbí òkúta sí, Army Corps of Engineers, àwọn ẹ́ńjíníà iléeṣẹ́ ológun, lè wọ̀ ọ́ lábẹ́ òfin omi ti 1972. Ọ̀nà kúkúrú tí kò lódò sàn ju ọ̀nà gígùn tó ní afárá méjì, lójú tèmi, pàápàá fún àwọn ìyá àgbà tẹ́ ẹ ń sọ.

Wọ́n tún máa rán ẹni tó ń wá nǹkan àtijọ́ lọ síbẹ̀. Òfin National Historic Preservation ti 1966, abala 106, ló ní kí ìjọba àpapọ̀ wò ó bóyá ohun tí àwọn fẹ́ ṣe máa ba nǹkan ìtàn jẹ́, Texas Historical Commission ni wọ́n ń bá sọ ọ́, wọ́n sì máa ń kàn sí àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ni ilẹ̀ náà rí, bíi Caddo, àti Alabama-Coushatta tí ilẹ̀ wọn ò jìnnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Livingston. Àwọn kan máa ń rí èyí bí ìdíwọ́ lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Texas, ẹ wò ó báyìí: ìlà-oòrùn Texas kún fún ibi tí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú lẹ́yìn 1865 lọ tẹ̀dó sí, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sin òkú wọn, òmíràn nínú ibojì yẹn ò ní ju òkúta kan tàbí òdòdó tó ń hù lójú kan náà lọ́dọọdún. Ẹni tí ò mọ̀ á gba orí ẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ kọ́kọ́ rìn ín. Ẹni yẹn kì í pọ̀ nídìí iṣẹ́ wọn, ẹnì kan lè máa bójú tó igbó tó ju ẹyọ kan lọ, àkókò ẹ̀ ló sì máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn jù, ju owó lọ.

NEPA, ìyẹn National Environmental Policy Act, ni òfin tí gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, January 1, 1970 ni Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí i. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí ìjọba ro ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe sí àyíká kó tó ṣe é. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, èyí tó gùn jù fún iṣẹ́ ńlá, èyí tó wà láàárín tí wọ́n ń pè ní EA, àti èyí tó kúrú jù, CE, fún irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú máa ń bọ́ sínú CE, tí kò bá sí ẹyẹ, ibojì tàbí odò tó máa dí i lọ́wọ́. Ní 2025 USDA, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí Forest Service wà lábẹ́ ẹ̀, yí àwọn ìlànà NEPA tiwọn padà, torí náà ìwé àlàyé àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbára lé e tán, ẹ bi ọ́fíìsì bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Ẹ sì má gé iṣẹ́ yín sí wẹ́wẹ́ kó lè dà bíi pé ó kéré. Tó bá jẹ́ pé máìlì mẹ́wàá lẹ ní lọ́kàn, tẹ́ ẹ wá ń mú mẹ́ta-mẹ́ta wá, wọ́n máa já a, òfin ò gbà á, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Forest Service máa ń gbé ìwé kan jáde, SOPA ni wọ́n ń pè é, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú igbó kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ẹ̀. Ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń múra láti gé páìnì dínkù tàbí láti dáná sun àgbègbè tí ọ̀nà yín máa gbà, ayé yín ti dáa díẹ̀, torí ẹni tó ń wo nǹkan àtijọ́ àti ẹni tó ń wo ẹyẹ máa rin ilẹ̀ yẹn lọ́nàkọnà, wọ́n lè fi máìlì mẹ́ta yín sínú ìwé ńlá yẹn, kó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì, tàbí ibi tí ọkọ̀ ojú irin àwọn onígẹdú gbà láyé àtijọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń ga ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀, omi ò ní dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè o, torí ojú irin yẹn fúnra ẹ̀ lè jẹ́ nǹkan ìtàn tí wọn ò fẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kàn.

Ìwé àbá yín, ojú ewé méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ sọ ohun tí ọ̀nà tó wà ńlẹ̀ ò lè ṣe tí tuntun yìí máa ṣe, ti àwọn àgbà àti ọmọdé yẹn dáa gan-an, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi máàpù sí i, pẹ̀lú fáìlì GPS tí wọ́n lè gbé sínú kọ̀ǹpútà wọn, kẹ́ ẹ má ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni dandan, ẹ ya ọ̀nà fífẹ̀ kí àwọn tó mọ ẹyẹ mọ ibojì lè rí àyè yí i sọ́tùn-ún sósì. Ẹ kọ ẹni tó máa gé e, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa lò, ibi tí owó ti ń bọ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn, kó jẹ́ ti ìtọ́jú nìkan: ìgbà mélòó lọ́dún, ta ni ọ̀gá iṣẹ́, ta ló máa rọ́pò ẹ̀ tó bá kó lọ sí Dallas. Ẹ tiẹ̀ sọ pé tí ẹgbẹ́ ò bá lè ṣe é mọ́, ẹ gbà kí wọ́n ti ọ̀nà náà pa. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín máa bínú sí gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi rénjà lọ́kàn balẹ̀ gan-an. Ẹ má so rìbọ́ǹ kankan mọ́ igi láti sàmì ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbàyè, rìbọ́ǹ àwọn tó fẹ́ gé igi náà wà níbẹ̀, ẹ lè da iṣẹ́ wọn rú.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ geere, ọdún kan. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ má fi ìyẹn ṣèbínú, ẹ má sì máa pè wọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ pè ní oṣù méjì-méjì, ẹ fi ìròyìn iṣẹ́ ìtọ́jú yín tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pè. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gba èrò aráàlú, kí àwọn èèyàn yín kọ̀wé, kí oníkálukú kọ tiẹ̀ ní ẹnu ara ẹ̀. Ogún lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ inú wọn jọra, ẹyọ kan ni wọ́n máa kà á sí.

Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àgíríméǹtì tuntun ló kù, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ lílà kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá máa lo ẹ̀rọ ayùn tàbí ayùn ọlọ́wọ́ méjì (crosscut saw) gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí wọn, ìlànà yẹn ti wà láti 2016, ẹ̀kọ́ náà kì í sì í fìgbà gbogbo wà, ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó nílò ẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá máa wá, òbí wọn máa fọwọ́ sí ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Lásìkò ọdẹ, kí gbogbo yín wọ aṣọ olómi ọsàn tó ń dán yẹn, kódà fún ìdajì wákàtí.

Ti owó, ẹ wo Recreational Trails Program. Láti 1991 ló ti wà, owó orí epo mọ́tò ni wọ́n ń yọ fún un, ní Texas ọwọ́ Texas Parks and Wildlife ló wà. Wọ́n sábà máa ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ wá 20 tó kù, wákàtí tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sì lè wọ inú 20 yẹn, ìdí mìíràn nìyẹn tí àkọsílẹ̀ fi dáa. Ṣùgbọ́n fún máìlì mẹ́ta tí kò ní afárá, ẹ lè má nílò gírántì rárá, páànù àmì, irinṣẹ́ díẹ̀ àti jọ̀lọ́ọ̀fù fún àwọn òṣìṣẹ́ ni. Gírántì tún ní wàhálà ìwé tiẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kẹ́ ẹ fi báìkì kún un kí àǹfààní ẹ̀ lè pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lone Star tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ yẹn, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rìn ín, àwọn oníbáìkì ní ibi tiwọn ní Double Lake nínú igbó kan náà, báìkì oníná sì jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lójú òfin Forest Service, ìjà tí kì í ṣe tiyín ni.

Ìméèlì àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ kúrú: ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, apá ọ̀nà tẹ́ ẹ ń tọ́jú, wákàtí tẹ́ ẹ ti ṣe, pé ẹ ní èrò kan lórí ọ̀nà kékeré tó máa yí po, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n fún yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí máàpù yín, ẹ bi wọ́n pé apá ibo nínú igbó ni àwọn fúnra wọn ti ń wò ó pé ó yẹ kí ọ̀nà wà, àti ibo ni àwọn ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ èèyàn rárá. Tí ohun tí wọ́n bá sọ ò bá bá tiyín mu, ẹ ká máàpù yín padà sínú báàgì, kẹ́ ẹ lọ rin ibi tí wọ́n dárúkọ yẹn wò ná.